Bí ẹ ṣe lè fa káráfáànù la àárín Ọsirélíà já, láti Port Augusta dé Darwin

Àwọn àgbà ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ọ̀nà tí mo fẹ́ júwe fún yín yìí jìnnà. Stuart Highway ló ń jẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Port Augusta ní South Australia, ó la aṣálẹ̀ já, ó sì parí sí Darwin létíkun àríwá. Gígùn rẹ̀ lé ní 2,700 kìlómítà. Ẹni tó bá wọkọ̀ láti Èkó lọ sí Kánò, tó tún padà sí Èkó, kò tíì rìn tó bẹ́ẹ̀. Orúkọ John McDouall Stuart ni wọ́n fi sọ ọ́, ọkùnrin tó gun ẹṣin la àárín ilẹ̀ náà já láti gúúsù dé àríwá ní 1861 sí 1862. Lónìí, ọ̀dà ló wà lórí ẹ̀ látòkè délẹ̀, torí náà ẹni tó ní ọkọ̀ tó lágbára tó sì múra dáadáa lè fa káráfáànù, ilé kékeré onítáyà tí ọkọ̀ ń fà lẹ́yìn, gbà á láìsí ìyọnu.

Èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ wa méjì ti gbà á lẹ́ẹ̀mejì láti Adelaide tí à ń gbé. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́, ọ̀rọ̀ ejò àti aláǹtakùn ló máa ń kọ́kọ́ bi wá. Ìjìnnà ló yẹ kí wọ́n bi wá. Omi jìnnà sómi lójú ọ̀nà yìí, ilé epo jìnnà sílé epo, dókítà jìnnà, mẹkáníìkì jìnnà. Gbogbo ohun tí mo ní kí ẹ ṣe nísàlẹ̀ yìí, nítorí ìjìnnà yẹn ni.

1. Ẹ mú oṣù tó dáa

Oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹjọ ni kí ẹ lọ. Òtútù ló wà ní gúúsù nígbà yẹn, ẹ̀ẹ̀rùn ló sì wà lápá àríwá, òjò kò ní dí yín lọ́nà. Tó bá di oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kẹrin, ooru àárín ilẹ̀ náà máa ń kọjá 40 dígírì, òjò ńláńlá sì máa ń ya bo àwọn ọ̀nà àríwá. Oodnadatta, ìlú kékeré kan lápá ìlà oòrùn ọ̀nà wa, ni wọ́n ti wọn 50.7 dígírì ní ọjọ́ kejì oṣù Kìíní ọdún 1960. Èmi ò lè kó ọmọ wọnú irú ooru bẹ́ẹ̀.

Ẹ sì kó búláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn dání. Ní oṣù Keje, òru Alice Springs, ìlú tó wà láàárín ọ̀nà wa, máa ń tutù dé òdo, ó tiẹ̀ máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan níbẹ̀, mo yí ẹ̀rọ omi, omi ò dá mi lóhùn. Ìgbà tí mo tẹ rọ́bà omi wa ló ń dún wàràwàrà lọ́wọ́ mi: yìnyín ti kún inú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, a máa ń tú rọ́bà kúrò, a sì ń bu omi sínú kẹ́tù kí a tó sùn.

Àwọn tó ń rìn lásìkò ìsinmi ilé ìwé ní oṣù Keje, ẹ tètè gba àyè sílẹ̀ ní Yulara, ìlú tí àwọn tó wá wo àpáta ńlá Uluru ń sùn sí, àti ní Alice Springs. Ibẹ̀ máa ń kún.

2. Ẹ wọn ẹrù yín kí ẹ tó kúrò nílé

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù lọ, torí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fojú fò.

Gbogbo káráfáànù ló ní páálí irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kàn mọ́ ara rẹ̀. Ẹ wá nọ́ńbà méjì lórí ẹ̀. Ọ̀kan ni Tare, ìyẹn ìwọ̀n káráfáànù lófìfo. Èkejì ni ATM, ẹ̀rọ ìgbowó kọ́ ni mò ń sọ o, ìwọ̀n tó pọ̀ jù tí òfin gbà pé káráfáànù náà lè tẹ̀ tòun ti gbogbo ẹrù inú rẹ̀ ni. Ẹ yọ Tare kúrò nínú ATM. Iye tó bá ṣẹ́ kù ni ẹrù tí ẹ lè kó.

Ká ní ATM jẹ́ 2,500 kílò, tí Tare sì jẹ́ 2,050. Ó ku 450. Ó jọ pé ó pọ̀. Ṣùgbọ́n lítà omi kan, kílò kan ni, táńkì méjì tó ń gba lítà 90 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan ti gbé 180 lọ. Sílíńdà gáàsì oníkílò 9 méjì, tòun ti irin ara wọn, ti sún mọ́ 40. Ohun tó kù ò ju 230 kílò lọ fún oúnjẹ, aṣọ, àga, ìkòkò, irinṣẹ́ àti kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹ ṣe ń kó o sínú ọkọ̀. Tí ẹ bá parí, ẹ wa ọkọ̀ àti káráfáànù lọ sórí òṣùwọ̀n gbogbogbò tí àwọn tírélà ń lò. Owó tí ẹ máa san níbẹ̀ kéré sí owó táyà kan.

Ibi tí ẹ kó ẹrù sí ṣe pàtàkì bí ìwọ̀n rẹ̀. Kí ohun tó wúwo wà nílẹ̀, lókè táyà káráfáànù gan-an. Kí ohun tó fúyẹ́ wà níwájú, lẹ́yìn àti lókè. Ìwọ̀n tó ń tẹ orí bọ́ọ̀lù irin ẹ̀yìn ọkọ̀ gbọ́dọ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n káráfáànù. Tó bá kéré sí i, ìrù káráfáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í jù.

Mo mọ̀ ọ́n, torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Nígbà tí a kọ́kọ́ lọ, ẹ̀yìn pátápátá ni mo kó àpò ìrẹsì, kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin àti kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ sí, torí ibẹ̀ ló ṣófo. A ò tíì dé Pimba tí tírélà kan fi pàdé wa, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì gbá wa. Káráfáànù fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, ó tún fì sọ́tùn-ún ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó ń wọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tọ ara rẹ̀. Ìyàwó mi di àga mú, kò sọ̀rọ̀. Ọlọ́run ló yọ wá. Tó bá ṣe yín bẹ́ẹ̀, ẹ má tẹ bíréèkì ọkọ̀, ẹ má sì máa bá sítíárìn jà. Ẹ di sítíárìn mú gbọn-in kó dúró tààrà, ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, kí ẹ sì fi ọwọ́ tẹ bọ́tìnì bíréèkì káráfáànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárìn. Káráfáànù nìkan ni bíréèkì náà máa mú, yóò fà sẹ́yìn, yóò sì tọ́. Nígbà tí a dé Pimba, mo kó gbogbo ẹrù sílẹ̀ nínú eruku, mo tún un tò. Kò tún fì mọ́ títí a fi dé Darwin.

Ní ti bíréèkì, òfin ní kí káráfáànù tó bá wúwo ju 750 kílò lọ ní bíréèkì tirẹ̀. Èyí tó bá ju 2,000 lọ gbọ́dọ̀ ní in ní gbogbo ẹsẹ̀, kó sì ní ẹ̀rọ tó ń di bíréèkì fúnra rẹ̀ tí káráfáànù bá já.

Ẹ̀yin tí ẹ máa yá ọkọ̀, ẹ ka ìwé àdéhùn délẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé inṣọ́ránsì kò kan ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà, tàbí ẹran tí ẹ bá kọlù lálẹ́, tàbí òrùlé ọkọ̀.

3. Ẹ ní ètò kan tí ẹ ń tẹ̀ lé nígbà tí ẹ bá ń so káráfáànù mọ́ ọkọ̀

Ẹnì kan ni kó máa ṣe é, bákan náà ni kó sì máa ṣe é lójoojúmọ́, láìdá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ọkọ̀ á wọ rífáàsì títí bọ́ọ̀lù á fi wà lábẹ́ orí káráfáànù. Ẹ sọ orí náà kalẹ̀, ẹ tì í, kí ẹ wá fi táyà kékeré iwájú gbé e sókè díẹ̀. Tí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá gbéra tẹ̀ lé e, ó ti wọlé. Tí orí nìkan bá gbéra, kò tíì dì í mú, ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ ta ṣéènì méjèèjì kọjá lára wọn bí àgbélébùú, kí ṣéènì lè gbé orí káráfáànù tó bá já, kó má lọ gúnlẹ̀. Ẹ ki púlọ́ọ̀gì iná bọ̀ ọ́, ẹ so okùn bíréèkì pàjáwìrì. Ẹ ká táyà kékeré sókè, ẹ tú bíréèkì ọwọ́, ẹ yọ wẹ́ẹ̀jì. Kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn kó wo iná bíréèkì àti iná tírafíkétọ̀. Àwọn ọmọ wa ló ń ṣe ìyẹn, wọ́n á máa pariwo “Ó ń tàn!” látẹ̀yìn.

Tí ẹ bá ti rìn nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí, ẹ dúró. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan họ́ọ̀bù táyà káráfáànù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kó lọ́wọ́ọ́wọ́. Tí ọ̀kan bá gbóná ju àwọn yòókù lọ débi tí ẹ ò lè fi ọwọ́ gbé e, bẹ́ríìnì tàbí bíréèkì rẹ̀ ti ń bàjẹ́. Ìṣẹ́jú kan péré ló ń gbà. Mo máa ń ṣe é níbi gbogbo tí a bá ti dúró.

4. Omi, oúnjẹ àti irinṣẹ́

Lítà omi 10 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́ ni kí ẹ máa ṣírò. Àwa mẹ́rin ń kó èyí tó tó wa fún ọjọ́ mẹ́ta, ìyẹn lítà 120, bí ìlú tiẹ̀ wà níwájú. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sínú táńkì abẹ́ káráfáànù, torí òkúta kan ṣoṣo lè lù ú. Ẹ bu díẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ sì gbé ọ̀kan sínú ọkọ̀ tí ẹ jókòó sí. Omi kànga ẹ̀rọ láwọn ibì kan máa ń níyọ̀, tí wọ́n bá sì kọ ọ́ sára ẹ̀rọ pé kò dára fún mímu, ẹ gbà wọ́n gbọ́.

Oúnjẹ wa bá ìrìnàjò yìí mu gan-an. Gààrí, ẹ̀wà, ẹja gbígbẹ, èlùbọ́, ata tí a ti dín nínú epo títí omi fi gbẹ lára rẹ̀: kò sí ìkankan nínú wọn tó nílò fìríìjì. Ìkòkò amúnájinná (pressure pot) kékeré wa ló ń se ẹ̀wà, kó má baà jẹ gáàsì jù. Èso tútù ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Nítorí eṣinṣin èso tó ń ba oko jẹ́, South Australia kì í jẹ́ kí wọ́n gbé ọ̀pọ̀ èso wọlé láti ìpínlẹ̀ mìíràn, Western Australia, fún ẹni tó bá fẹ́ yà síbẹ̀, sì le jù ú lọ: àtẹ̀fọ́ àtoyin ni wọ́n ń gbà níbodè. Ẹ jẹ ẹ́ tán kí ẹ tó débẹ̀.

Táyà àfikún méjì dára ju ọ̀kan lọ. Ẹ fi jáákì yín gbé káráfáànù nílé, kí ẹ mọ̀ bóyá ó ga tó. Ẹ̀rọ ìfọntáyà, bẹ́líìtì fáànù, rọ́bà rédíétọ̀, wáyà, tépù, ìdè orí rọ́bà. Fún ìtọ́jú pàjáwìrì, ẹ ra báńdéèjì fífẹ̀ mẹ́ta tó ń fà, màá sọ ìlò rẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ ra àwọ̀n tí wọ́n fi ń borí nítorí eṣinṣin. Ó jọ nǹkan kékeré títí eṣinṣin ogún á fi máa wá omi lójú yín.

5. Ohun tí ẹ máa fi ránṣẹ́

Telstra ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ dé ibi tó pọ̀ jù nínú aṣálẹ̀, síbẹ̀ tí ẹ bá ti kúrò nílùú, ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ lè lò tí fóònù ò ní dún. Torí náà, ẹ de rédíò UHF mọ́ ọkọ̀. Ìkànnì 40 ni àwọn awakọ̀ tírélà wà, 18 ni àwọn onírìnàjò oníkáráfáànù ń lò láàárín ara wọn, 5 àti 35 wà fún pàjáwìrì nìkan. Ẹ tún ra PLB, ẹ̀rọ kékeré tó ń ké sí sátẹ́láìtì tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ AMSA, àjọ ìjọba tó ń gbọ́ ìpè ẹ̀rọ náà, ọ̀fẹ́ ni. Ìgbà tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu nìkan ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́.

Kí ẹ sì sọ fún ẹnì kan nílé ibi tí ẹ máa sùn àti ìgbà tí ẹ máa pè. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Adelaide ló ń ṣe é fún wa. Tí agogo mẹ́jọ alẹ́ bá lu tí kò gbóhùn wa níbi tí a sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ó mọ ẹni tó máa pè.

6. Ẹ pín ọ̀nà sí wẹ́wẹ́

Ọkọ̀ tó ń jẹ lítà epo 10 fún 100 kìlómítà lójoojúmọ́ lè jẹ 17 tàbí jù bẹ́ẹ̀ tó bá ń fa káráfáànù, pàápàá tí atẹ́gùn bá dojú kọ yín. Ẹ fi ìyẹn ṣírò ibi tí táńkì yín lè gbé yín dé. Láti Glendambo dé Coober Pedy lé ní 250 kìlómítà, kò sí ilé epo kankan láàárín. Tí táńkì bá ti di ìdajì tí ẹ sì rí ilé epo, ẹ rà á, bó ti wù kó wọ́n.

Báyìí la ṣe pín in. Láti Port Augusta, a sùn lẹ́bàá Lake Hart, adágún iyọ̀ funfun kan lẹ́yìn Pimba. Àyè ìdúró kan wà níbẹ̀ tí a kò sanwó. Ọkọ̀ ojú irin gígùn kan kọjá lóru, ìró rẹ̀ pẹ́ ká tó gbọ́ ọ mọ́. Ọjọ́ kejì, Coober Pedy. Láti 1915 ni wọ́n ti ń wa òkúta iyebíye opal níbẹ̀, àwọn ará ìlú sì gbẹ́ ilé sínú òkè nítorí ooru. Ẹ wo ibi tí ẹ ń gbẹ́sẹ̀ lé o, kòtò awakùsà tí kò ní ìdérí pọ̀ káàkiri. Láti ibẹ̀ ẹ máa gba Marla kọjá wọ Northern Territory, ìpínlẹ̀ tí Darwin wà. Ní Erldunda, ẹ yà sósì, 245 kìlómítà títí dé Yulara lẹ́gbẹ̀ẹ́ Uluru. Ẹ sùn ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀, ìrìn náà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ padà sí Erldunda, 200 kìlómítà míì ló kù dé Alice Springs. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti ra oúnjẹ kún, kí mẹkáníìkì sì wo ọkọ̀.

Lẹ́yìn Alice, Karlu Karlu ni mo fẹ́ràn jù. Nǹkan bí 100 kìlómítà ni kí ẹ tó dé Tennant Creek. Òkúta ribiti-ribiti, òmíràn ga ju ilé lọ, wà lórí ara wọn bíi pé ọwọ́ kan ló tò wọ́n. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, wọ́n pọ́n bí epo pupa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Ẹ gba àyè lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó lọ, ẹ sì débẹ̀ kó tó di agogo mẹ́ta. Lẹ́yìn rẹ̀, Daly Waters, Mataranka, Katherine, Darwin.

Ẹ má rìn ju 400 kìlómítà lójúmọ́. A rin 670 lọ́jọ́ kan, láti Tennant Creek dé Katherine, àwọn ọmọ sunkún, èmi náà ò sì rántí wákàtí tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀. Ẹ̀rù ìyẹn ṣì ń bà mí.

7. Lórí títì

Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wakọ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, kó fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan wakọ̀ nílùú kó tó fa ohunkóhun. Àwọn ibì kan wà ní Northern Territory tí pátákó gbà kí èèyàn sá 130 kìlómítà ní wákàtí kan. Tàwa ò ju 95 lọ.

Tírélà tó so ara mọ́ra bíi rélùwéè, tí wọ́n ń pè ní road train, lè gùn tó mítà 53.5. Tí ọ̀kan bá wà lẹ́yìn yín tó fẹ́ kọjá, ẹ bá a sọ̀rọ̀ lórí ìkànnì 40. Ẹ dúró sí ojú ọ̀nà yín, ẹ má yà sínú òkúta wẹ́wẹ́. Nígbà tó bá ti jáde, ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù kó lè tètè kọjá. Tí ẹ̀yin ni ẹ fẹ́ kọjá rẹ̀, ẹ nílò ju kìlómítà kan ọ̀nà gbalasa lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó sàn kí ẹ dúró mu tíì.

Ẹ má wakọ̀ lálẹ́. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú àti bí ó bá ń mọ́ ni kangaróò máa ń jáde, màlúù náà sì ń sùn lórí ọ̀dà torí ó lọ́wọ́ọ́wọ́, kò sì sí ọgbà ní ọ̀pọ̀ ibi. Tí ẹran bá já sójú ọ̀nà, ẹ tẹ bíréèkì ní tààrà, ẹ má ṣẹ́ sítíárìn. Igi àti káráfáànù tó dojú dé ló ń pa èèyàn ju kangaróò lọ. Ní ọ̀sán, ẹyẹ idì ńlá máa ń jẹ òkú ẹran lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì wúwo, kì í tètè fò. Ẹ dẹwọ́ eré sílẹ̀ fún un.

Ẹni tó bá fẹ́ yà sí ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà, ojú rẹ̀ máa ń rí bíi páànù ìbolé, ó sì ń gbọn gbogbo ìdè káráfáànù. Ẹ dín afẹ́fẹ́ inú táyà kù, ẹ dín eré kù, kí ẹ sì fọn ọ́n padà kí ẹ tó bọ́ sórí ọ̀dà. Tí káráfáànù yín bá jẹ́ ti ọ̀dà lásán, ẹ fi sílẹ̀ nílùú kí ẹ fi ọkọ̀ nìkan lọ.

8. Nígbà tí ẹ bá dé ibùdó

Ẹ dé kí oòrùn tó wọ̀. Kí ẹnì kan sọ̀ kalẹ̀, kó wo ẹ̀ka igi lókè àti èèrà nílẹ̀, kó wá júwe rífáàsì. Ẹ̀ka igi eucalyptus ńláńlá máa ń já láìròtẹ́lẹ̀, ẹ má sùn sábẹ́ ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mú káráfáànù dọ́gba láti ọ̀tún sósì kí ẹ tó tú u kúrò lára ọkọ̀, ẹ fi wẹ́ẹ̀jì há táyà, ẹ tú u, kí ẹ wá fi táyà kékeré mú un dọ́gba níwájú àti lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ irin igun mẹ́rin wà fún kó má mì, ẹ má fi gbé ìwúwo rẹ̀. Níbi tí iná wà, wáyà nínípọn ti 15 ámùpù ni káráfáànù ń lò, ẹ má gé eyín púlọ́ọ̀gì kó lè wọ ihò kékeré.

Ẹ pa gáàsì nídìí sílíńdà kí ẹ tó rìn, kí ẹ má sì fi iná ìdáná yá inú káráfáànù lóru òtútù. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára iná náà kò lóòórùn, ó sì ń pa odidi ìdílé lójú oorun. Ìgbẹ́ inú kásẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àpótí abẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ káráfáànù, ibi tí wọ́n ṣe fún un ni kí ẹ dà á sí, ẹ ò gbọdọ̀ dà á sínú igbó. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá kéde pé kò gbọ́dọ̀ sí iná rárá, ẹ má dáná níta.

9. Ilẹ̀ náà ní àwọn tó ni ín

Àwọn Anangu, ọmọ ìbílẹ̀ àgbègbè náà, ló ni Uluru. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá 1985 ni ìjọba dá a padà fún wọn, ní ọjọ́ kan náà nínú 2019 ni gígun orí rẹ̀ sì dópin pátápátá. Ẹ gba ìwé ìwọlé ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ẹ rìn yí ìdí rẹ̀ ká ní òwúrọ̀, ó lé ní kìlómítà 10. Àwọn ibì kan wà tí pátákó ní kí ẹ má ya fọ́tò. Àwa tí a mọ ohun tí igbó orò jẹ́ nílé wa kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìyẹn. Mo gbé fóònù mi sápò, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn ọmọ mi. Àwọn ọ̀nà kan tó kúrò lára Stuart Highway gba inú ilẹ̀ ìbílẹ̀ kọjá, ó ń fẹ́ ìwé àṣẹ. Ẹ béèrè lọ́dọ̀ Central Land Council, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilẹ̀ ìbílẹ̀, ní Alice Springs kí ẹ tó yà. Àwọn tí kì í ṣe ará Northern Territory tún gbọ́dọ̀ ra ìwé ọgbà ìjọba fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọgbà ibẹ̀.

10. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

Tí ọkọ̀ bá kú, ẹ má kúrò nídìí rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1963, ìdílé ẹni márùn-ún kan fi ọkọ̀ wọn tí epo tán nínú rẹ̀ sílẹ̀ lágbègbè ọ̀nà Birdsville, òùngbẹ sì pa gbogbo wọn. Ọkọ̀ ni òjìji yín, láti òkè òfuurufú òun ni wọ́n tún máa kọ́kọ́ rí. Ẹ gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, ẹ pín omi, ẹ jókòó sí ibi tí oòrùn ò sí, ẹ pe ìkànnì 5.

Tí ejò bá bu èèyàn ṣán, ẹ má fọ ojú ibi tó ti bù ú ṣán, ẹ má gé e, ẹ má fi ẹnu fà á. Ẹni náà gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ láìmira. Ẹ wé báńdéèjì tó ń fà náà le mọ́ ibẹ̀, kí ẹ wá wé e láti ìka ẹsẹ̀ tàbí ìka ọwọ́ lọ sókè dé ìdí itan tàbí abíyá, ẹ fi igi dè é kó má mì, ẹ pe 000, nọ́ńbà pàjáwìrì. Royal Flying Doctor Service, tí John Flynn dá sílẹ̀ ní 1928, ló máa ń fi ọkọ̀ òfuurufú gbé aláìsàn ní ọ̀pọ̀ ibi lójú ọ̀nà yìí. Ẹ máa rí àwọn ibì kan lórí títì tí wọ́n ti kùn ún ní funfun kí ọkọ̀ òfuurufú wọn lè balẹ̀. Ẹ má dúró síbẹ̀.

11. Omi àríwá

Ní Mataranka, omi tó ń sun láti inú ilẹ̀ lọ́wọ́ọ́wọ́, nǹkan bí 34 dígírì, ó sì mọ́ débi pé ẹ máa rí ìka ẹsẹ̀ yín nínú rẹ̀. Ẹ wẹ̀ níbi tí àwọn olùtọ́jú ọgbà ṣí sílẹ̀ fún wíwẹ̀. Eruku ọjọ́ mẹ́wàá á bọ́ lára.

Láti ibẹ̀ lọ sápá Katherine àti Darwin, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọ̀nì inú omi iyọ̀ máa ń gòkè wá sínú odò, adágún àti etíkun, kì í sì í fara hàn kó tó mú nǹkan. Ẹ má wọ omi kankan tí kò sí pátákó tó sọ pé wọ́n gbà á láyè. Ẹ má fọ abọ́ létí odò, ẹ má la ẹja níbẹ̀, kí àgọ́ yín sì jìnnà sómi. Mítà márùn-ún sí bèbè omi ni kí ẹ ti máa dúró, kí ẹ sì di ọwọ́ ọmọdé mú.